Èsì: "ariwo iná" àti "ilẹ̀ méjì" fún ohun tó ń kùn nínú sípíkà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ìbàdàn ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n ń kọ ìwé pélébé fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ Yorùbá délẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n gbé wá: "ariwo iná" fún ìró hùn-ùn-ùn tí sípíkà ń ṣe nígbà tí orin kankan ò lọ, àti "ilẹ̀ méjì" fún ohun tó sábà ń fà á. Ọ̀pọ̀ yín ti kan sáárá sí méjèèjì. Èmi ò tíì lè fọwọ́ sí i, èkejì gan-an ló sì ń kọ mí lóminú jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti "ariwo". Ó gbòòrò jù. Ìró mẹ́ta ni etí oníṣẹ́ máa ń yà sọ́tọ̀, nítorí pé ibi tí kálukú wọn ti ń wá yàtọ̀. Èyí tó rinlẹ̀, tó ń lọ geere láìdánudúró, iná ìjọba fúnra rẹ̀ ni. Ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti ìlú Ọba, iná yìí ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà àti Brazil, ìgbà 60 ni. Nítorí náà ará wa tó wà ní Bahia ní Brazil á gbọ́ ọ ní ohùn tó tín-ín-rín díẹ̀ ju bí ẹni tó wà ní Mushin ti ń gbọ́ ọ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé kàpásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ díẹ̀ kó lè dúró déédéé, nínú ańpílífáyà tó ń gbé orin sókè fún sípíkà ló ti gbẹ, ìlọ́po méjì rẹ̀ lẹ máa gbọ́, 100 tàbí 120, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí ẹ bá yí fólúùmù sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìró kejì ha, ó ń gé etí. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú ló sábà ń bí i. Ìkẹta ni ṣìì tó ń ti inú ańpílífáyà jáde fúnra rẹ̀, tí títún waya tò kò lè wò sàn. Bí a bá pe gbogbo wọn ní "ariwo iná", ọmọ iṣẹ́ á máa tú waya nítorí ṣìì títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àbá tèmi: kíkùn fún ti àkọ́kọ́, híhanrun fún ti èkejì, kí ṣìì máa jẹ́ ṣìì. Àbúrò wa kan dábàá "híhùn", ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ ló ń hùn, ó sì máa ń dá a dúró kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Oyin ń kùn ni, kì í mí. Ẹlòmíì ní kíkùn jọ ìráhùn, ó ní ṣé kì í ṣe òun làwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń kùn sí Mósè ní aginjù. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni. Ẹ̀rọ tó ń kùn kúkú ń ráhùn.

Ó wá ku "ilẹ̀ méjì". Ẹ wo pálọ̀ tí díkódà wà, tí okùn díìṣì ti òkè ilé wá wọnú rẹ̀. Òpó irin díìṣì kanlẹ̀ lóde. Ańpílífáyà náà ní áàtì tirẹ̀, ìyẹn waya ààbò tó so ó mọ́ ilẹ̀, nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Agbára iná ibi méjèèjì kì í dọ́gba régé, nítorí náà iná díẹ̀ á gba ara waya orin tó so díkódà mọ́ ańpílífáyà kọjá, á sì máa yí po bẹ́ẹ̀. Ańpílífáyà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín iná yẹn àti orin. Ó ń gbé méjèèjì sókè ni. Ẹ yọ okùn díìṣì kúrò lẹ́yìn díkódà: bí kíkùn bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ yín ti tẹ̀ ẹ́.

Kí ni ọmọ iṣẹ́ tí a kọ́ pé àrùn náà ń jẹ́ "ilẹ̀ méjì" máa ṣe? Á sọ ọ́ di ẹyọ kan. Á gé ẹsẹ̀ gígùn tó wà lókè púlọ́ọ̀gì, kíkùn á dákẹ́, wọ́n á sì máa yìn ín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tí a fúnra wa sọ ọ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí. Bí waya iná bá já nínú ẹ̀rọ, tó fara kan páànù ara rẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló yẹ kó gbé iná náà lọ kí fíúsì lè jó. Láìsí i, fóòtì 230 á wà lára páànù náà, á máa retí ọwọ́ ọmọdé.

Orúkọ náà ò tilẹ̀ sọ òótọ́ tán. Ilé tí áàtì méjì wà, tí waya orin ò so wọ́n pọ̀, kò ní kùn. Gírámáfóònù sì rèé, tó ń kùn burúkú nígbà tí a ò bá de waya tín-ín-rín ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ańpílífáyà: níbẹ̀, áàtì ò tó ni, kò pọ̀ jù. Yíyípo ni àléébù, ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá "àyípo áàtì". Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ "ìsomọ́lẹ̀" dípò áàtì. Ó dùn létí, àmọ́ mi ò tíì rí oníná tó sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

"Àyípo" ń tọ́ka sí ibi tó yẹ ká gé: ọ̀nà orin, kì í ṣe ọ̀nà ààbò. Ẹ ki gbogbo púlọ́ọ̀gì bọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo kí àyípo náà lè kéré. Bí díkódà àti ańpílífáyà bá ní ihò rẹ̀, ẹ fi okùn tó ń gbé orin gba inú ìmọ́lẹ̀ so wọ́n. Kò sí irin nínú rẹ̀ tí iná máa gbà. Ẹ má kàn ra ohun tó ń dá iná dúró kẹ́ ẹ tì í bọ okùn díìṣì, torí fóòtì 13 tàbí 18 tí díkódà ń fi bọ́ orí díìṣì gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá dá ìyẹn náà dúró, àwòrán á lọ.

Ó ku tiráńsífọ́mà kékeré tí a máa ń fi sáàárín waya orin, tó ń jẹ́ kí orin kọjá láìjẹ́ kí irin kan irin. Ẹ̀gbọ́n wa pè é ní "alárinà". Mo fara mọ́ ìyẹn, àfi bí ẹnìkan bá ní orúkọ tó fi hàn pé ó ń ya irin ẹ̀rọ méjèèjì nípá.