Ìròyìn ìkẹyìn lórí ọ̀rọ̀ físà àbúrò mi

Òkun o, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè níjọ́sí bóyá kí àbúrò mi san ìyókù owó tí ẹnì kan ní Kabba ń béèrè fún iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba. ₦600,000 ló ti san sílẹ̀, owó kaṣú ìyá wa. Kò san kọ́bọ̀ lé e mọ́.

Ẹni tó ní ká wo orúkọ iléeṣẹ́ tí ẹni náà dárúkọ nínú àkọsílẹ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ tí ìjọba Ìlú Ọba fún láṣẹ, Ọlọ́run á san án fún yín. Ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. A wá a títí, kò sí níbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù: láti 22 oṣù Keje 2025 ni wọn ò ti gba ẹni tuntun láti òkè òkun sí iṣẹ́ yẹn mọ́!

Bàbá wa àti àwọn àgbà lọ bá ọkùnrin náà. Ó dá ₦450,000 padà. A ṣì ń lépa ìyókù.

Iṣẹ́ jórinjórin ni àbúrò mi kọ́, ó sì ní ìwé ẹ̀rí. Jámánì ló kọjú sí báyìí. Chancenkarte wọn, ìyẹn físà ìwáṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2024, ń jẹ́ kí ẹni tó fi ó kéré tán ọdún méjì kọ́ṣẹ́, tí ìjọba ilé rẹ̀ sì mọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀, lọ wáṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún kan. Owó ìjẹun tí wọ́n fẹ́ rí ní báńkì pọ̀, nítorí náà kò ní tètè ṣeé ṣe. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè wọn.

Mo pa ọ̀rọ̀ náà dé síbí. Ẹ ṣeun gan-an.