Ẹ jẹ́ ká sọ iye epo tí ọkọ̀ dísẹ̀lì wa ń jẹ gan-an

Láti Leicester

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Octavia oní-dísẹ̀lì, ẹ́ńjìnì 2.0, ni mò ń wa. N kì í gba ohun tí dáṣíbọọ̀dù bá kọ gbọ́. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń ṣírò epo tó rò pé òun fún ẹ́ńjìnì. Èmi, epo tí mo sanwó rẹ̀ ni mò ń wá.

Mo máa ń rọ epo kún táńkì dẹ́nu, kí n dá òǹkà máìlì padà sí òdo, kí n wa á títí epo á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí n tó padà sídìí pọ́ǹpù yẹn kan náà. Pọ́ǹpù kan máa ń tètè já ju òmíràn lọ. Dísẹ̀lì pàápàá máa ń hó bí omi ọṣẹ. Bẹ́ ẹ bá rọ ọ́ kíákíá, híhó yẹn á kan ẹnu páìpù, ẹ ó gbọ́ “kọ̀!”, epo á dá, bẹ́ẹ̀ àyè ṣì wà nínú táńkì. Mo máa ń dúró kó rọlẹ̀, kí n wá rọra rọ ọ́ títí yóò fi tún já.

Ẹ wo èyí tí mo ṣe kẹ́yìn, M1 lọ sí London ló pọ̀ jù níbẹ̀: máìlì 512, lítà 41.3. Lítà 4.546 ni gálọ́ọ̀nù kan níbí, torí náà gálọ́ọ̀nù kan gbé mi rin máìlì 56. Dáṣíbọọ̀dù ní 61!

Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, tó bá jẹ́ kí n gbọ́mọ lọ sílé ìwé, kí n yà sọ́jà, kí n padà sílé ni, 40 náà ni n ó máa fagbára rí. Ẹ́ńjìnì ò tíì gbóná tí mo fi ń pa á. DPF, asẹ́ tó ń gba dúdú inú èéfín, sì tún wà ńbẹ̀: bó bá ti fẹ́ kún, ọkọ̀ á jẹ epo sí i láti fi iná jó ìdọ̀tí yẹn. Ẹ ó mọ̀. Ẹ ti páàkì, ẹ ti pa á, fáànù ṣì ń pariwo, òórùn gbígbóná á sì máa jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ má fi epo irú ọjọ́ yẹn wé ti ọjọ́ mìíràn.

Láti Houston

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Jetta TDI ọdún 2014 ni tèmi. Tí mo bá gba I-45 lọ sí Dallas, 44 ni mò ń rí. Ẹni tó bá kà á báyìí á ní tiyín fi tèmi sílẹ̀ jìnnà, àmọ́ gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kéré, lítà 3.785 péré ni. Lójú gálọ́ọ̀nù tiyín, 44 mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 53. Ẹ sì rántí pé ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi ní Texas.

Èmi ti fi gálọ́ọ̀nù sílẹ̀, lítà fún 100 kìlómítà ni mò ń lò báyìí. Tiyín jẹ́ 5.0, tèmi 5.3. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá tún wọ̀n ọ́n nígbà òtútù, ẹ bá wa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.