Ọmọ mi ń sọ orúkọ ilé ìwé ẹ̀ fún ẹni tí ò mọ̀ lórí géèmù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Mọ́mì Kubwa:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin òbí. Ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n sùn láti àná. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ló ń fi fóònù mi ṣe géèmù, àṣé géèmù yẹn láyè tí wọ́n ti lè máa kọ ọ̀rọ̀ síra wọn, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Ìgbà tí mo gba fóònù ni mo rí i pé ẹnì kan ti bi í lórúkọ, ọjọ́ orí, ilé ìwé, ó sì dáhùn gbogbo ẹ̀, ó tún wá fi kún un pé Kubwa la wà, pé dádì òun kì í sí nílé títí di Fúráìdeè torí Kaduna ló ti ń ṣiṣẹ́. Àyà mi já! Mo bá a wí, ó ní "Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní tí àgbàlagbà bá bi mí ní nǹkan kí n máa dáhùn." Mi ò rí èsì fún un. Mo ti bílọ́ọ̀kì onítọ̀hún, àmọ́ báwo lẹ ṣe ń kọ́ tiyín?

Bàbá Karu:
Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ jàre, ó di ìgbà tó bá wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Tíṣà Gwarinpa:
Bàbá Karu, ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn. Tí wọ́n bá gba fóònù nítorí pé àṣírí tú, lọ́jọ́ mìíì tẹ́nì kan bá kọ ìkọkúkọ sí i lórí fóònù ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò ní sọ fún yín.
Mọ́mì Kubwa, ẹ̀kọ́ ilé tẹ́ ẹ fún un ló lò yẹn o. Ṣebí tí ọmọdé bá ti kí wa, "ọmọ ta ni ẹ́?" ló kàn, á sì máa ka ìran bàbá ẹ̀ sílẹ̀, inú wa á máa dùn. Àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà, ta ló sì rójú ẹni tó wà nínú géèmù? Praímárì tuu ni mo ń kọ́. Mo ya géètì sójú bọ́ọ̀dù, mo ní ẹnì kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí dúró síta, ó ń bi yín pé ìgbà wo ni dádì yín ń dé, ṣé ẹ máa dá a lóhùn? Gbogbo wọn pariwo pé rárá, mègáàdì làwọn máa pè. Mo ní ó dáa, fóònù náà ní géètì. Ó yé wọn wàràwàrà. A wá fi ìka ọwọ́ ka ohun márùn-ún tí ò gbọdọ̀ kọjá géètì: orúkọ tó pé, ilé ìwé, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù, ibi tí dádì àti mọ́mì wà. Ẹ tún fún un ní ohun tó máa sọ, torí ọmọ tẹ́ ẹ bá kàn ní kó má dáhùn, ojú á máa tì í. Àwọn tèmi máa ń sọ pé "mọ́mì mi ni kẹ́ ẹ bi."

Onífóònù Nyanya:
Ọ̀rọ̀ Tíṣà dáa, àmọ́ ẹ wo sẹ́tìn náà. Ẹ pa ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé síra wọn nínú géèmù tó bá ṣeé pa, ẹ pa location lórí kámẹ́rà torí fọ́tò lè gbé ibi tẹ́ ẹ ti yà á dání, tó bá sì ń lo fóònù àti àkáǹtì Google tiẹ̀, kẹ́ ẹ fi Google Family Link sí i, ìyẹn app tí òbí fi ń ṣọ́ fóònù ọmọ, ẹ lè ṣètò ẹ̀ kó má lè gbé app tuntun wọlé láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Àwa òbí gan-an ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó ju NIN ọmọ ẹ̀ sí gúrúùpù WhatsApp kíláàsì, nọ́ńbà mọ́kànlá tí ọmọ máa lò dàgbà! Òfin ààbò dátà ti 2023 ní kí àwọn tó ń gba dátà ọmọdé gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí kọ́kọ́, àwa la wá ń fi tọ́rẹ.

Mọ́mì Kubwa:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa. Mo ṣe ti géètì yẹn lálẹ́ àná, mo ṣe bí àlejò, gbogbo ìka márààrún ló rántí, "mọ́mì mi ni kẹ́ ẹ bi" ló ń sọ ṣáá. Ni mo bá ní mọ́tò yín mà rẹwà o, àwọ̀ wo ni? Kíá ló ní búlúù, ó tún ka nọ́ńbà ara ẹ̀ fún mi. Tíṣà, èyí tí ò sí lórí ìka ńkọ́?

Tíṣà Gwarinpa:
Ẹ sọ fún un pé ohunkóhun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ géèmù yẹn gan-an, kó gbé fóònù wá bá yín kó tó fèsì. Kẹ́ ẹ má sì pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ tó bá gbé e wá.