Èsì: Orúkọ wo ni ká máa pe teleconverter?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ọ̀kun o.

Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣojú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: àbúrò wa kan tó ní ilé ìyàwòrán ní Ìyàrá ń kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ó dé orí teleconverter, ìyẹn nǹkan kékeré onígíláàsì tí à ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì kí ohun tó wà lókèèrè lè tóbi sí i nínú àwòrán, kálàmù rẹ̀ bá dúró. Nǹkan méjì ló bi wá. Kí ni ká máa pè é? Èwo ni kóun rà fún lẹ́ńsì súùmù òun, 70-200 tó jẹ́ f/2.8? (70-200 ni gígùn lẹ́ńsì náà ní mìlímítà, èyí tó ń sọ bó ṣe ń fa ohun tó wà lókèèrè tó; f ni bí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣí tó, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì ṣe ń ga sí i ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ń dín kù.) Ẹ̀gbọ́n wa, olùkọ́ àgbà tó ń kọ̀wé láti Ayétòrò, ní amúnisúnmọ́ ló yẹ ẹ́. Ẹnì kan ní amúlẹ́ńsìgùn. Àǹtí wa ní Ìsánlú ní ká yéé da ara wa láàmú, kọnfátà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè é náà ti tó.

Iṣẹ́ àwòrán ni mo ń ṣe jẹun ní Kàbà níbí, mi ò sì lè dákẹ́ lórí èyí. Awò ìlọ́po ni mo fara mọ́. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí nǹkan yìí ń ṣe gan-an.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, kì í mú èèyàn sún mọ́ ohunkóhun. Bí lẹ́ńsì yín bá ní òun ò lè ríran kedere àfi tí nǹkan bá fi mítà kan jìnnà sí òun, ẹ fi teleconverter sí i, mítà kan náà ló ṣì máa bèèrè. Ibi tí ẹ dúró sí kò yẹ̀, ohun tí ẹ ń yà ló tóbi sí i. Ohun tó ń múni súnmọ́ lóòótọ́ wà lọ́tọ̀: òrùka tí àwọn tó ń ya kòkòrò àti òdòdó ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní extension tube. Ẹ yọjú wo inú rẹ̀, òfìfo ni, kò sí gíláàsì kankan níbẹ̀. Ṣe ló kàn ń ti lẹ́ńsì síwájú díẹ̀ kúrò lára kámẹ́rà, ẹ ó sì lè sún mọ́ kòkòrò ju bí lẹ́ńsì ti ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ẹ bá gbé kámẹ́rà sókè báyìí pé kẹ́ ẹ ya òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, bàìbàì ni gbogbo rẹ̀ máa rí. Òrùka yẹn ni mo rò pé ó ni amúnisúnmọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára débi pé kò yẹ ká fi ṣòfò. Bí a bá sì lọ gbé e fún teleconverter, àwọn ọmọṣẹ́ á máa ra ọ̀kan ní orúkọ èkejì, nítorí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn ọlọ́jà ń pàtẹ méjèèjì sí.

Amúlẹ́ńsìgùn kò burú. Canon pàápàá, Extender ló ń pe tirẹ̀, nígbà tí Nikon àti Sony ń pè é ní Teleconverter. Àmọ́ òrùka tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ń mú lẹ́ńsì gùn, kódà òun ló ń mú un gùn tí ojú ń rí i. (Ẹ má sì dán an wò pé ẹ fẹ́ ra ẹ̀kìsítẹ́ńṣọ̀n lọ́jà Kàbà. Èyí tí wọ́n ń ki ṣájà fóònù sí ni wọ́n máa kó fún yín.)

Kí ló dé tí mo fi ní ìlọ́po? Ẹ yí nǹkan náà wò, 1.4x tàbí 2x lẹ máa rí lára rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni orúkọ rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Ẹ mú 70-200 tí àbúrò wa ní, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2, ó di 140-400. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí f/2.8, ó di f/5.6. Pẹ̀lú ìlọ́po 1.4, lẹ́ńsì á di 98-280, f/2.8 á di f/4. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti kọ́ ọmọṣẹ́ ní èrè àti gbèsè pa pọ̀, orúkọ méjì yòókù kò mẹ́nu kan gbèsè rárá.

Gbèsè náà, ìmọ́lẹ̀ ni. Lẹ́ńsì tó lọ láti f/2.8 sí f/4 ti pàdánù ìdajì ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé; èyí tó lọ sí f/5.6, ìdá mẹ́rin péré ló kù ú kù. Àwọn kan á ní 1.4 kò kúkú tó 2, báwo ló ṣe wá kó ìdajì lọ? Àwòrán náà fẹ̀ ní ìbú, ó tún fẹ̀ ní òró: 1.4 lọ́nà 1.4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2 gééré. Ìmọ́lẹ̀ tí ì bá bo ojú kan ló wá ń na ara rẹ̀ bo méjì.

Ẹ gbé e lọ síbi tí egúngún ti ń jáde nírọ̀lẹ́, tí oòrùn ti wọ̀ sẹ́yìn òkè. Ká ní ISO 3200 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára tó) ni ẹ fi ń ya eré rẹ̀ ní 1/500 ìṣẹ́jú àáyá pẹ̀lú lẹ́ńsì lásán. Ẹ fi awò ìlọ́po 1.4 sí i, ISO 6400 lẹ nílò kí ẹsẹ̀ egúngún náà má bàa fà nínú àwòrán. Ẹ fi ìlọ́po 2 sí i, ó di 12800, gbogbo aṣọ pupa ara rẹ̀ á sì dà bí ẹni pé wọ́n ku iyanrìn sí i. Gbígbọ̀n ọwọ́ náà ń lọ́po. Àbùkù inú lẹ́ńsì ń lọ́po. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi sára lẹ́ńsì súùmù olówó pọ́ọ́kú. 70-300 tó jẹ́ f/4-5.6, bí ẹ bá fi ìlọ́po 2 sí i, f/8-11 ló máa dà, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà onídígí àtijọ́ kì í sì lè dá fojú mú nǹkan mọ́ tó bá ti kọjá f/5.6. Àwọn mìíràn nínú wọn ń bá a dé f/8. Kámẹ́rà ìgbàlódé tí kò ní dígí nínú ní ìfaradà jù wọ́n lọ.

Àǹtí, èmi náà ń sọ kọnfátà. Ẹnu ọjà kò ní í gbàṣẹ lọ́wọ́ wa. Àmọ́ inú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹnu ọjà. Ẹni tó sì ní báwo la ṣe máa pe ìlọ́po 1.4 lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ ní nọ́ńbà, kí kálukú pè é bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ní ti èyí tí àbúrò wa máa rà, 1.4 ni, láìsí àní-àní, pàápàá fún ẹni tí òde ìnáwó àti ọdún ìbílẹ̀ ń gbé kiri. Kò sọ irú kámẹ́rà tó ní fún wa, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Gíláàsì iwájú awò ìlọ́po Canon yọ gọngọ síta, ó ní láti rí àyè wọ inú ìdí lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ti sún mọ́ ẹnu kò ní í gbà á. Nínú lẹ́ńsì RF, ìyẹn ti kámẹ́rà Canon tí kò ní dígí, 70-200 f/2.8 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò gbà á rárá, èyí tí wọ́n ṣe ní 2024 ló gbà á. 70-200 f/2.8 Nikon ti Z, ìyẹn ti kámẹ́rà Nikon tí kò ní dígí, gbà á, ti Sony GM, ìyẹn ọ̀wọ́ lẹ́ńsì olówó gọbọi ti Sony, náà gbà á. RF 100-500 ní tirẹ̀ ń gbà á, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí súùmù rẹ̀ dé 300 kẹ́ ẹ tó kì í wọlé, kò sì ní í lè padà sẹ́yìn 300 mọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó rà á pẹ̀lú 1.4, 420 sí 700 ló ní lọ́wọ́, 100 ti lọ. Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe gígùn lásán ló ń mú bá lẹ́ńsì?

Bó bá jẹ́ lékèélékèé tó ń tẹ̀ lé màlúù lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Kàbà ló fẹ́ máa yà lọ́sàn-án gangan, kó mọ̀ pé atẹ́gùn gbígbóná tó ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ kò gbóògùn awò kankan. Kó jí lọ ní òwúrọ̀. Lásìkò ọyẹ́, kó ti fi awò náà sí i látilé, torí bó bá ṣí ẹnu kámẹ́rà nínú pápá, eruku á wọ̀ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé Facebook nìkan ni àwòrán rẹ̀ ń lọ, kó gé etí àwòrán kúrò lórí kọ̀ǹpútà, kó tọ́jú owó rẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́gápísẹ́ẹ̀lì 24 tó bá gé bí ìwọ̀n 1.4, bíi 12 ló máa kù, ìyẹn sì ti tó fún ojú fóònù.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì rí yanjú. Kí ni a ó máa pe ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní stop, ìyẹn ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dín sí ìdajì tàbí tó pọ̀ di méjì? Ìpele ni mo ń lò, ṣùgbọ́n ìpele ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́, fún ìjọba, fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ní òmíràn, kó mú un wá.