Ẹ gbà mí o, kóòṣì ní ká fèsì kó tó di Fúráìdé

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ring Road:
Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin èèyàn mi. Àbẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, tí mo bí sí Houston ká tó kó padà wá sí Ìbàdàn ní 2015, òun ló ti di eléré ìje báyìí o, 400 mítà ló ń sá. Kóòṣì yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà rí fídíò ẹ̀, Division I ni wọ́n pe ẹgbẹ́ tí wọ́n wà nínú eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó kọ íméèlì sí wa lánàá pé òun máa fún un ní sikọ́láṣíìpù, àmọ́ ká fèsì kó tó di Fúráìdé, tá ò bá fèsì òun á gbé e fún ẹlòmíì. Bàbá ẹ̀ ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá àdúgbò ti ń bi mí pé àwọ̀ aṣọ ẹbí wo la máa mú. Èmi ò sì rí oorun sùn, torí mo ka íméèlì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mi ò rí ibi tí wọ́n kọ iye owó sí. Ilé ìwé kejì, Division III, wọn ò sọ̀rọ̀ owó eré sísá rárá, àmọ́ wọ́n ní ìwé ẹ̀ dáa, àwọn á gbé ju ìdajì owó ilé ìwé lọ. Bàbá ẹ̀ ní Division III, ṣebí ẹni tó gbé ipò kẹta nìyẹn. Èwo ni ká mú? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ilé ìwé tó dáa fún eléré ìdárayá nígbà téèyàn ò dé bẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọmọ Òjé, Houston:
Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ kọ́kọ́ mumi ná. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan. Íméèlì ò kí ń ṣe sikọ́láṣíìpù. Ẹ kọ̀wé sí kóòṣì yẹn lónìí olónìí, ẹ ní kó kọ iye dọ́là sílẹ̀, kó kọ ọdún mélòó, kó kọ ohun tí owó náà ń san, ṣé owó ilé ìwé ni àbí yàrá àbí oúnjẹ. Àbúrò mi ọkùnrin gba sikọ́láṣíìpù bọ́ọ̀lù ní 2016, a pa màlúù l'Ójèé, a pe onílù, ó débẹ̀ tán ló wá di pé owó tó máa fi ra ìwé nìkan ni wọ́n fún un. Owó ìwé o! $24,000 ló ṣẹ́ kù sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ nìkan, èmi ni mo san án, iṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó ni mo fi san án.

Bọ̀dá Àpáta, Dallas:
Kókó ibẹ̀ nìyẹn. Èmi sáré ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún mẹ́rin, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń lọ. Owó eré orí pápá, wọ́n ń pín in ni. Tẹ́lẹ̀, ilé ìwé Division I kọ̀ọ̀kan ní odidi sikọ́láṣíìpù 18 fún obìnrin, 12.6 fún ọkùnrin, kóòṣì á wá gé e wẹ́wẹ́ bí ẹran iléyá, ẹni tó bá rí odidi, olóríire ni. Láti 2025 tí wọ́n ti parí ẹjọ́ House, ìyẹn èyí táwọn eléré kọ́lẹ́ẹ̀jì pe NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn ilé ìwé tó bá wọ àdéhùn yẹn ò ka iye sikọ́láṣíìpù mọ́, orí èèyàn ni wọ́n ń kà, 45 fún àwọn eléré orí pápá. Ó dùn létí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló lówó tí wọ́n máa fi kún un, ẹni tí ò bá sì sí nínú 45 yẹn, ilé ló ń lọ. Ẹ bi í ṣé ilé ìwé ẹ̀ wà nínú àdéhùn, ṣé Àbẹ̀kẹ́ wà nínú 45, ṣé ó ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́dún kejì. Àkókò mélòó ló ń sá gan-an?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ring Road:
55.3. Kóòṣì ẹ̀ ní pápá ìṣeré Liberty ló fi aago ọwọ́ kà á, èmi náà wà níbẹ̀.

Bọ̀dá Àpáta, Dallas:
Aago ọwọ́, wọ́n máa fi 0.14 lé e kó lè bá ti aago ẹ̀rọ mu, ó di 55.44 nìyẹn. Ẹ lọ sórí TFRRS, gbogbo èsì eré àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ló wà níbẹ̀, ẹ wo àwọn obìnrin tó sá 400 nílé ìwé yẹn lọ́dún tó kọjá. Tí márùn-ún bá ti ń sá 53, tí wọn ò sì tíì wà lọ́dún ìkẹyìn, Àbẹ̀kẹ́ ò ní ráyè nínú 4x400, eré tí ẹni mẹ́rin jọ ń pín sá, ìta ló ti máa máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé òun ló máa ṣe ẹnì kejì nínú wọn, ẹ̀yin lẹ lọ́jà lọ́wọ́, ẹ dúnàádúrà. Ohun kejì, ẹ wá roster wọn, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn eléré wọn, ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ kọ orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà yẹn sí bébà, ẹ wá fi wé ti ọdún yìí. Mo ṣe é fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ mọ́kànlá ló wọlé, méjì ló kù. Mo jókòó ti bébà yẹn, mò ń fi bírò fa orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí kóòṣì tó máa sọ ìyẹn fún yín lórí fóònù.

Àǹtí Mọ́kọ́lá, Toronto:
Ẹ bá mi sọ fún bàbá Àbẹ̀kẹ́ pé Division kì í ṣe ipò o, bí wọ́n ṣe pín àwọn ilé ìwé sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni. Àwọn Division III, òfin ni ò jẹ́ kí wọ́n fowó eré ìdárayá sílẹ̀, àmọ́ wọ́n lè fún ọmọ lówó nítorí pé orí ẹ̀ pé, tàbí nítorí pé àwọn òbí ò lówó. Owó yẹn, kó sáré kó má sáré mọ́, kóòṣì ò lè gbà á. Èmi tí mo rí ọmọ tó fi orúnkún pa lọ́dún àkọ́kọ́, mo fẹ́ràn irú owó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Òjé, Houston:
Hẹ̀n ẹ́n, ẹ dúró ná! Houston lẹ bí i sí, ìwé àṣẹ ìrìnnà aláwọ̀ búlúù ló ní. Ẹ ti kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bèèrè owó ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ilé ìwé? Ọmọ Amẹ́ríkà tó dàgbà n'Íbàdàn ṣì ni ọmọ Amẹ́ríkà, tó bá ti ní nọ́ńbà Social Security ẹ̀. Pell Grant tó wà nínú owó yẹn nìkan tó $7,395 lọ́dún fún ẹni tó bá tọ́ sí jù, èèyàn ò sì ní dá a padà. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn wa ṣe ń fi sílẹ̀ torí wọ́n rò pé àfi kéèyàn máa gbé ibẹ̀.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ring Road:
Ẹ̀ẹ́, mi ò mọ̀ rárá! Nọ́ńbà ẹ̀ wà nínú àpótí lọ́dọ̀ mọ́mì mi.

Bàbá Ìbejì, Atlanta:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, bó tilẹ̀ ń dùn mí. Kóòṣì tó wá mú Táíwò, inú ilé wa níbí ló jókòó sí, ó jẹ iyán, ó ń pe ìyàwó mi ní mọ́mì. Oṣù kẹjọ tọ́mọ máa wọlé ló ti gba iṣẹ́ níbòmíì. Kóòṣì tuntun ò mọ̀ ọ́n rí, ṣe ló ń pe orúkọ ẹ̀ ní ìpèkúpè. Oṣù mẹ́rin, kò mú un lọ sí ìdíje kankan. Mo bínú, mo ní kó wọ transfer portal, ibi táwọn eléré tó fẹ́ yí ilé ìwé padà ti ń forúkọ sílẹ̀. Bó ṣe fi orúkọ sílẹ̀ báyìí, ilé ìwé ní owó àwọn parí ní òpin sáà yẹn. Kò sì sẹ́ni tó pè é látinú portal. Ó ti parí ìwé ẹ̀ níbòmíì, a dúpẹ́, àmọ́ gbèsè $31,000 ló wà lọ́rùn wa.

Ọmọ Òjé, Houston:
Ẹ má bínú o Bàbá Ìbejì, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ṣe é. Inú ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ló wà pé tọ́mọ bá ti wọ portal wọ́n lè gba owó wọn. Ẹni tó ń lọ kì í ti ilẹ̀kùn kó tó rí ibi tó máa sùn.

Bọ̀dá Àpáta, Dallas:
Mi ò gbà. Òfin ò gba kóòṣì ibòmíì láyè láti bá ọmọ sọ̀rọ̀ kó tó wọ portal, báwo ló ṣe máa rí ibi tó máa sùn kó tó jáde? Ibi táṣìṣe wà ni ìbẹ̀rẹ̀: wọn ò bèèrè bóyá ọdún kọ̀ọ̀kan ni owó yẹn àbí ọdún mẹ́rin. Láti 2012 ni wọ́n ti lè kọ ọdún púpọ̀ sínú ẹ̀, àmọ́ ẹni tí ò bá bèèrè, ọdún kan ni wọ́n máa kọ fún un.

Ọmọ Òjé, Houston:
Kó dúró sùúrù, kó kàwé, kó jẹ owó wọn tán. Ṣé dandan ni kó sáré ni?

Bàbá Ìbejì, Atlanta:
Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń sunkún sí létí lórí fóònù láago méjì òru ò lè máa ka ìwé àdéhùn. Bàtà eré ẹ̀ ṣì wà nínú búùtù mọ́tò mi títí dòní, ẹrẹ̀ pápá yẹn ti gbẹ mọ́ ọn nídìí, mi ò lè fọ̀ ọ́, mi ò sì lè gbé e sọnù. Ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ṣe ni kó bèèrè pé, tí kóòṣì yìí bá lọ lọ́la, ta ló máa mọ ọmọ mi níbẹ̀.

Àǹtí Mọ́kọ́lá, Toronto:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ìbejì. Ọmọ Òjé, ẹ sinmi ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ lọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Ọmọ Òjé, Houston:
Ẹ má bínú, Bàbá Ìbejì. Tọkàntọkàn ni mo fi tọrọ àforíjì.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ring Road:
Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, Bàbá Ìbejì. Ọlọ́run á san gbèsè yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá fi ẹsẹ̀ pa ńkọ́? Ta ló ń sanwó dókítà?

Bọ̀dá Àpáta, Dallas:
Division I, láti oṣù kẹjọ 2024, dandan ni kí ilé ìwé máa tọ́jú ẹsẹ̀ tó fi pa lẹ́nu eré, títí di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá kúrò níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ínṣọ́ránsì náà. Ṣé ẹ ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní NCAA Eligibility Center? WAEC nìkan ò tó o. Iṣẹ́ ilé ìwé 16 ni wọ́n máa kà, máàkì ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 2.3 nínú 4.0, wọ́n á sì bèèrè èsì látọdún kẹsàn-án, ìyẹn JSS 3 tiwa.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ring Road:
JSS 3! Ilé ìwé tó lọ nígbà yẹn ti palẹ̀ mọ́ ní Challenge, wọ́n ti fi ibẹ̀ ta pákó báyìí. Ọwọ́ ta ni mo ti máa gba èsì yẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London:
Àtàárọ̀ ni mo ti ń kà yín. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn wá ń sọ̀rọ̀ eré sísá láì dárúkọ Tobi Amusan? Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni o! El Paso ló lọ, UTEP, inú aṣálẹ̀ Texas lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló ti gba ìdíje NCAA nínú eré fífo ìdènà 100 mítà ní 2017, ó wá fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 gba àkọsílẹ̀ ayé ní Oregon ní 2022. Kò bèèrè orúkọ ńlá o, ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa ló lọ.

Ọmọ Òjé, Houston:
Ìjẹ̀bú ti dé! Ẹ ní Tobi, a gbà fún yín. Àwa la ni Liberty, 1960 ló ti wà nílẹ̀, ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní 1963. Níbo lẹ ti jà ní Ìjẹ̀bú?

Bàbá Ìbejì, Atlanta:
Ẹ má gbàgbé Shooting Stars, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa. 1976, wọ́n gba Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Bàbá mi ò yéé sọ ọ́ títí tó fi kú, ó ní wọ́n jó láti Adámásingbà dé Bẹẹrẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London:
Àwa jẹ ìkọ́kọrẹ́ tiwa jẹ́jẹ́, ẹ̀yin ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó.

Àǹtí Mọ́kọ́lá, Toronto:
Ẹ jẹ́ n fi kan kún un kó tó di ìjà. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, tó bá jẹ́ ibi òtútù ni ilé ìwé yẹn, ẹ bi wọ́n ṣé wọ́n ní pápá inú ilé. Níbí, látoṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, inú ilé ni wọ́n ti ń sáré, pápá 200 mítà, kọ́nà ẹ̀ mú gan-an, ọmọ tó ti mọ pápá gbalasa Liberty máa ń bú sẹ́kún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo rí wọn.

Ọmọ Òjé, Houston:
Kó wá sí Houston níbí, ooru wa dà bí ti Dùgbẹ̀. Tébi bá pa á, kó lọ sí Bissonnet, àmàlà wà níbẹ̀ tó lè mú un rántí ilé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London:
Àmàlà Houston? Ẹ wá sí Peckham kẹ́ ẹ wo gbẹ̀gìrì tó ń dán.

Àǹtí Mọ́kọ́lá, Toronto:
Kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tó jọ ti Bódìjà o, ẹ má tan ara yín. Kí wọ́n ro àmàlà náà lórí igi, kí èéfín wọ̀ ọ́ díẹ̀, kí ìyá yẹn da ewédú lé gbẹ̀gìrì lórí láì bèèrè lọ́wọ́ ẹ, kó o jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń mì. Ọdún mẹ́sàn-án rèé.

Bàbá Ìbejì, Atlanta:
Mọ́kànlá ni tèmi.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ring Road:
Mo ti kọ̀wé sí kóòṣì yẹn, mo bèèrè gbogbo ẹ̀, iye owó, ọdún mélòó, 45, ínṣọ́ránsì. Kò tíì dáhùn. Mo bẹ̀ yín, ta ló mọ bá a ṣe máa rí èsì JSS 3 gbà tí ilé ìwé bá ti wó?

Bọ̀dá Àpáta, Dallas:
Ẹ wá ẹni tó ṣe ọ̀gá ilé ìwé nígbà yẹn kàn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ta ló wà ní Sẹkitéríàtì nínú wa?

Àǹtí Mọ́kọ́lá, Toronto:
Ṣé Àbẹ̀kẹ́ ń lọ sí pápá lọ́la?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ring Road:
Aago márùn-ún ààbọ̀, bíi ti ojoojúmọ́. Èmi ni mo ń wa mọ́tò. Àmọ́ òjò ti ń ṣú níbí báyìí, ó dúdú láti apá Ẹlẹ́yẹlé.

Bàbá Ìbejì, Atlanta:
Tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ fún wa, bó ṣe ń rọ̀ sórí páànù.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ring Road:
Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ n sáré lọ ká aṣọ ná.