Kí ló dé tí kòrónà ò fi rí oògùn remdesivir gé dànù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí n'Ílọrin níbí, àwọn ọmọ SS3 sì ti bi mí ní ohun tó kọjá ìwé tí mo ní lọ́wọ́.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé RNA fáírọ́ọ̀sì kòrónà, ìyẹn ìwé àṣẹ tó fi ń ṣẹ̀dá ara rẹ̀, gùn tó nǹkan bí 30,000 lẹ́tà, ó ju ìlọ́po méjì ti flu lọ. Nítorí gígùn yẹn, ó ní prótéènì kan tó ń jẹ́ nsp14, tó ń gé lẹ́tà tí ẹ̀ńsáímù adàwékọ, tó ń da RNA náà kọ, bá ṣì kọ, bí áàfáà ilé kéú ṣe ń pa àṣìkọ ọmọ rẹ́ lórí wàláà. Ó yé wọn dáadáa. Àfi ìgbà tí mo dé orí remdesivir, tó jẹ́ ayédèrú lẹ́tà A. Wọ́n ní, "Sà, kí ló dé tí nsp14 ò gé ìyẹn náà?"

Mo kà á pé adàwékọ kì í dúró lójú ẹsẹ̀, ó máa ń fi lẹ́tà 3 sí i kó tó há. Ṣé àwọn lẹ́tà yẹn ló ń bo ayédèrú náà mọ́lẹ̀? Àbí nsp14 ń gé díẹ̀ nínú rẹ̀ ni, tí kò kàn lè gé e tán? Oògùn fluorouracil ńkọ́, tóun náà jẹ́ ayédèrú lẹ́tà, tí nsp14 ń gba kòrónà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ má fi Paxlovid, oògùn kòrónà mìíràn, dá mi lóhùn o. Ẹ̀ńsáímù tó ń gé prótéènì nìyẹn ń dí, kò kan adàwékọ.

Bí ẹ bá ní àwòrán tó ṣeé yà sójú pátákó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́. Iná wa ò ṣeé gbójú lé fún fídíò.