Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ kántankàntan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹ́támíìnì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ayọ̀, Iléṣà:
Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará inú ẹgbẹ́ yìí. Omi gbígbóná ló dà sí ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, lẹ́sẹ̀. Nílé ìwòsàn kan níbí, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kẹ́támíìnì, èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora, kí wọ́n tó fọ egbò náà. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí, ṣùgbọ́n mo ń pe orúkọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn. Nígbà tó ń jí, ó ń kígbe pé òun ń fò, pé àwọn ènìyàn kan wà lára ògiri. Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ti wọ̀ ọ́, kí n gbé ọmọ lọ sílé àdúrà, kí n má sì jẹ́ kí wọ́n tún gún un mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a óò padà lọ fọ egbò. Àbúrò mi tún ní oògùn tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń yó ni. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ayọ̀. Iṣẹ́ oògùn ni ẹ rí, kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Kẹ́támíìnì kì í kun ènìyàn lóorun bí àwọn oògùn iṣẹ́ abẹ yòókù; ńṣe ló ń dí ọ̀nà tí ìrora àti ohun tí ojú ń rí, tí etí ń gbọ́, fi ń dé ibi tí ọpọlọ ti ń mọ̀ wọ́n, tó fi jẹ́ pé ojú ọmọ lè là kó má sì mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá ti ń rọlẹ̀, àlá àti ojú ayé a dàpọ̀ fúngbà díẹ̀. Ó tilẹ̀ ń ṣe àgbàlagbà ju ọmọdé lọ.

Ẹ má tìtorí èyí kọ̀ ọ́. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí lílò rẹ̀ níbẹ̀ ní 1970, wọ́n sì lò ó fún àwọn ológun tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun Vietnam. Láti 1985 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn oògùn kòṣeémáàní. Ó ń pa ìrora gan-an, kì í sábà dá èémí dúró, kì í sì í já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ bí àwọn mìíràn. Níbi tí iná ti lè lọ nígbàkúgbà, tí ẹ̀rọ amúnimí kò sì ní lè ṣiṣẹ́, ẹ̀bùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó ń mú itọ́ pọ̀ lẹ́nu, ó lè fa èébì, ó sì lè mú ọ̀nà ọ̀fun fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ èémí ọmọ títí yóò fi jí tán, ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ jẹun ṣáájú.

Bàbá Akin, Iléṣà:
Ọmọ mi, mú ìyá ọkọ rẹ dání lọ́jọ́ náà, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra rẹ̀. Àdúrà kò ní kí a má tọ́jú egbò. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gún yín, nítorí oògùn yìí a máa gbé ìfúnpá sókè.

Apòògùn kan, Modákẹ́kẹ́:
Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀n tí dókítà fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ó ti tẹ̀wọ̀n tó, ọ̀tọ̀ ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fà símú léraléra. Ó ń dá egbò sínú àpòòtọ̀ àwọn tó ń lò ó bẹ́ẹ̀, débi tí wọ́n á fi máa tọ̀ lemọ́lemọ́ pẹ̀lú ìrora àti ẹ̀jẹ̀. Ó sì ń ba ìrántí jẹ́. Ẹni tó bá pò ó mọ́ ọtí tàbí tramadol ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ẹ̀yà rẹ̀ kan, esketamine, wà tí wọ́n ń fín símú fún àárẹ̀ ọkàn tí oògùn mìíràn kò ràn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019, ṣùgbọ́n ojú àwọn oníṣègùn ni aláìsàn ti gbọ́dọ̀ lò ó.

Ìyá Ayọ̀, Iléṣà:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé nǹkan kan wà tí wọ́n lè ṣe kó má kígbe bẹ́ẹ̀ mọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ilé-Ifẹ̀:
Ó wà. Ẹ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gún un, nítorí wọ́n lè fi midazolam tàbí diazepam díẹ̀, àwọn oògùn tó ń fini lọ́kàn balẹ̀, kún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ dídùn bá a sọ̀rọ̀ títí oògùn yóò fi mú un. Nígbà tó bá ń jí, ẹ bẹ̀ wọ́n kí iná má mọ́lẹ̀ jù, kí ariwo má sí, ẹ má mì í, ẹ má pè é léraléra. Ẹ kàn dúró tì í kí nọ́ọ̀sì máa wo èémí rẹ̀.